Ìbéèrè Tí Wọn Ò Bi Mí L'Óǹdó

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ ti bi mí tó. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò sí ibi tí mo yà sí tí wọn ò ti ní, "Múlíkà, wá jókòó, báwo ni ọ̀hún ṣe rí?" Mo ti ń fi ẹ̀rín bò ó. Ẹ fẹ́ gbọ́ nípa iyán wọn, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá òkè wọn ga ju tiwa lọ. Iyán wọn dára, òkè wọn ga, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yàtọ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi, nítorí bí mo bá dúró láàárín, mi ò ní lè tẹ̀ síwájú mọ́.

Àkúrẹ́

Ilé-ẹ̀kọ́ ló rán wa. Wọ́n ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí àrùn ọkàn lọ́dọ̀ Dókítà Bánkọ́lé ní Àkúrẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ dókítà yìí ló ti jápa lọ sí òkè òkun, òun nìkan ló ṣẹ́kù bí eyín kan ṣoṣo lẹ́nu arúgbó. Ẹ̀yin náà ò sì gbàgbé irú ọdún tó jẹ́: ọdún tí epo bẹntiróò sọ mọ́tò di ohun tí a kàn ń wò lójú, tí gàrí di oúnjẹ ọlọ́lá, tí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń gé oògùn wọn sí méjì kó lè pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ ìlú náà. Ọ̀bà-Ilé ni wọ́n gba ilé sí fún wa, lẹ́yìn ìlú, ìyá onílé ò sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ títí tó fi tú mi wò tinú-tòde. Ọmọ ta ni mí? Adúgbò wo ní Ṣakí? Ṣé bàbá mi ṣì wà láyé? Ìyàwó mélòó ló fẹ́, ìyá mi sì ni ìkelòó? Kí ló dé tí mo fi ìborí dé orí ṣinṣin báyìí, ṣé mo ti lọ́kọ ni? Ìgbà tí mo dáhùn tán ló tó rẹ́rìn-ín, tó ní kí n máa bọ̀ nínú "ulé." Bí wọ́n ṣe ń pe ilé nìyẹn níbẹ̀, igi sì ń jẹ́ ugi. Ní àdúgbò Arakale pàápàá, bí mo bá lọ ra ata, ẹni tó ń tà á á ti mọ ìdílé mi dé orí bàbá ńlá kí ó tó bù ú fún mi. Ó sú mi. Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé àwọn ará ibí yìí ń béèrè ọ̀rọ̀ ju adájọ́ lọ.

Iṣẹ́ tí a lọ kọ́ yé mi dáadáa. Dókítà ní ká má rò pé ọ̀rá nìkan ló ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó ní ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kí iṣan fúnra rẹ̀ máa gbóná, kó máa wú láti inú, kí ẹni tó ni ín má sì mọ̀. Ó fi oko kòkó ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní iná lè wọ abẹ́ ewé gbígbẹ, kí ẹ má rí èéfín, kí ẹ má gbọ́ ìró, títí igi á fi wó lójijì ní ọ̀sán gangan. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ sí i bí iná yẹn bá ń jó, òun la sì fẹ́ máa yẹ̀ wò lára àwọn àgbàlagbà. Ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò wà, iná mànàmáná ni kò sí. Ọwọ́ àwọn tó ń ta omi tútù la ti ń ra yìnyín tí a fi ń tọ́jú ìgò ẹ̀jẹ̀ nínú kúlà.

Oǹdó

Wọ́n wá pín èmi àti Tọ́pẹ́ sí ìlú Oǹdó. Ọmọ Ìta-Ògbólú ni Tọ́pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, òun ló ń gba ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kí n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, kí n bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń jẹ àti bí wọ́n ṣe ń sùn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la máa ń ti Àkúrẹ́ lọ.

Ìlú tíṣà àti ṣọ́ọ̀ṣì ni Oǹdó, àwọn Ekimọ̀gún, ìyẹn àwọn ará Oǹdó, ò sì fi àlejò ṣeré. Ní àdúgbò tí a kọ́kọ́ lọ, ṣe ni wọ́n ń bá wa ṣàwàdà bí ẹni pé wọ́n ti mọ̀ wá tipẹ́. Àdúgbò kejì ni nǹkan ti yí padà.

Òpópó kékeré kan ni, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ níwájú, páànù tó ti dípẹtà, kòkó tí wọ́n sá sórí tapólì. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò báyìí ni gbogbo ẹnu pa mọ́. Obìnrin kan tó ń yí kòkó rẹ̀ dúró gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì kún. Ẹnì kan pe àwọn ọmọdé wọlé. Bàbá arúgbó kan dìde lórí àga, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀." Ẹ gbọ́ mi o: ẹni tó tó bàbá bàbá mi ló fi "ẹ" kí mi. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kankan.

Bó ṣe rí ní ilé gbogbo nìyẹn. Ohun tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á dáhùn kúlẹ̀kúlẹ̀, ojú wọn á wà nílẹ̀. Àwọn ò bi mí ní nǹkan kan. Bí mo bá na bírò sí ẹnì kan, kò ní gbà á lọ́wọ́ mi, àfi kí n gbé e sílẹ̀ kó tó mú un. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, wọ́n pe Tọ́pẹ́ sídìí tábìlì kó wá bá wọn jẹ, wọ́n gbé tèmi fún mi ní igun yàrá nínú àwo tuntun tí kò tíì kan omi rí: púpurú, òkèlè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ọbẹ̀ marúgbó, ọbẹ̀ ewé kan tó dúdú kirikiri. Ẹ̀rù rẹ̀ kọ́kọ́ bà mí, àmọ́ nígbà tí mo tọ́ ọ wò, mo lá ọwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́. Mo gbé àwo dìde pé kí n lọ fọ̀ ọ́. Ìyá Bísí, ẹni tó ni ilé náà, ní kí n jọ̀wọ́ gbé e sílẹ̀. Ó dúró sójú kan títí mo fi rìn jìnnà sí àwo náà kó tó wá gbé e.

Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè pa inú mọ́. Bí a ṣe wọ mọ́tò ni mo fàbínú yọ. Mo ní ṣé nítorí ìborí mi ni, àbí nítorí pé mo jẹ́ ará Òkè-Ògùn? Tọ́pẹ́ ní wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, mo tún ń wá ìjà. Mo ní oúnjẹ kọ́ ni mò ń sọ, mo ní kò sí ẹnì kan ní gbogbo òpópó yẹn tó bi mí ní orúkọ. Yorùbá wo ló ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ láì béèrè pé ọmọ ta ni? Tọ́pẹ́ yí ojú sí fèrèsé, ó ń wo igbó.

Màmá Tíṣà

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sá fún mi ní òpópó náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Màmá Tíṣà. Ó ti kọ́ ọmọ títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló sì ń gbé nínú ilé rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọlé, kò dìde, kò kí mi. Ó kàn wò mí pẹ́, omi sì lé sójú rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra ìpéǹpéjú mi bí ẹni ń nu ìdọ̀tí kúrò lójú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó bu ìrẹsì fún mi, ó ní kí n jẹ ẹ́, pé òun ò fi ata sí i.

Ata kì í bá mi lára mu. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan ní Oǹdó, kódà Tọ́pẹ́ ò mọ̀. Mo bi í pé báwo lẹ ṣe mọ̀, Màmá? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri tí wọ́n fi léèsì funfun bò. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbójú sókè wò ó, á pè mí kí n wá mu omi.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí n má purọ́, nítorí òun nìkan ló ń fọwọ́ kàn mí, mo máa ń fi ilé rẹ̀ ṣe àṣekẹ́yìn kí n lè pẹ́ níbẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé tí òun bá gbé omi láti ẹ̀yìnkùlé, àyà òun á há gádígádí, apá òsì á sì wúwo. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbówó lórí, òun ń lò ó ní ọjọ́ kan, òun á fo ọjọ́ kan.

Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, Dókítà pè mí wọ ọ́fíìsì. Ó ní ara obìnrin yìí ń jó lábẹ́ ewé. Ó ní ká gbé e wá sí ọsibítù ní Àkúrẹ́ kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á jókòó lọ́jọ́ kan, kò ní dìde mọ́. Ìpayà mú mi. Mo ti gbọ́ pé Màmá kì í lọ sí ọsibítù. Àlùfáà ìjọ rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ti bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò lọ síbi kankan.

Mo bá a nídìí oúnjẹ ní ọjọ́ tí mo lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ sí Àkúrẹ́."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Kò bi mí pé kí ni a fẹ́ lọ ṣe. Ó ní, "Mo ti ń retí kí o sọ ọ́. Jẹ́ kí n palẹ̀ mọ́ ná."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ jó délé. Ohun tí àlùfáà ò lè ṣe, èmi Múlíkà ṣe é.

Ọ̀nà

Nígbà tí a wá gbé e ní àárọ̀ ọ̀la rẹ̀, gbogbo òpópó ló dúró níta nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Màmá Tíṣà ti pín ìró rẹ̀ fún àwọn obìnrin. Ó ti fa adìyẹ rẹ̀ lé Ìyá Bísí lọ́wọ́. Ó gbálẹ̀, ó ti fèrèsé, ó wọ aṣọ àlà funfun. Àwọn tó dàgbà jù ú lọ ń kúnlẹ̀ fún un. Mo rò ó nínú ara mi pé àwọn ará ibí yìí mà bẹ̀rù ọsibítù o.

Ìyá Bísí sún mọ́ ọn, ó dì í mú, ó ní, "Bá mi kí Bàbá Bísí. Sọ fún un pé a ti kan páànù ẹ̀yìn ilé tán." Bàbá tó ń ṣí fìlà fún mi náà rán an sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé ẹjọ́ ilẹ̀ ti parí, wọ́n dá a fún àwọn. Wọ́n ń tò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, Màmá sì ń mi orí sí gbogbo rẹ̀.

Mo fẹ́ ṣe ọmọlúwàbí. Mo bi Ìyá Bísí pé, "Mà, adúgbò wo ni Bàbá Bísí ń gbé ní Àkúrẹ́? Màá mú Màmá débẹ̀ fúnra mi." Ìyá Bísí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó fi ẹ̀yìn rìn, ó ń wò mí, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó wọlé.

Ọ̀nà dá ní ọjọ́ náà. Epo wọ́n, gbọ́mọgbọ́mọ sì wà nínú igbó, nítorí náà a lè rìn pẹ́ láì pàdé mọ́tò kankan. Igi dúdú ni lápá ọ̀tún, igi dúdú ni lápá òsì. Awakọ̀ ò tan rédíò. Màmá di ọwọ́ mi mú ní ẹ̀yìn mọ́tò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ṣé ibi tí mò ń gbé jìnnà sí ibi tí à ń lọ? Mo ní kò jìnnà. Ó ní ṣé a pọ̀ níbẹ̀? Mo ní, "A pọ̀ o, Màmá. A há mọ́ra wa nínú yàrá kan."

"Ṣé ìmọ́lẹ̀ wà?"

"Kò sí, Màmá. Inú òkùnkùn la máa ń wà."

"Ebi ńkọ́? Ṣé ebi ń pa yín?"

Mo ní ebi ń pa wá gan-an, pé àwọn mìíràn nínú wa kì í jẹun títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń sun ún láì pariwo. Mo ní kó má sunkún, pé gbogbo wa ló bá, pé ó ti ń mọ́ wa lára. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó yọ dòdò àti ẹyin sísè, ó kó o lé mi nítan, ó bi mí bóyá a ṣì lè jẹ ti ayé. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Oǹdó nìyẹn. Mo jẹ ẹ́ tán pátápátá. Tọ́pẹ́ tó wà níwájú kò yíjú wẹ̀yìn rárá.

Ọsibítù

Nọ́ọ̀sì tó ń gbà wá sílẹ̀ béèrè lọ́wọ́ Màmá pé kí ni èmi jẹ́ sí i. Mo ti la ẹnu láti sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Màmá ti dá a lóhùn.

"Ọmọ mi ni. Fọlákẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi sin ín."

Bírò nọ́ọ̀sì náà dúró. Orí mi wú, ó wú fìrì. Mo ní a-ùsù bílàhí, kí Ọlọ́run ṣọ́ mi. Tọ́pẹ́ fà mí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sọ ohun tó ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ fún mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni Màmá Tíṣà bí. Ọmọ náà kú lójijì, wọ́n sì sin ín sí Oǹdó. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní òpópó yẹn, ohun tí gbogbo wọn rí ni Fọlákẹ́. Wọ́n ní àkúdàáyà ni mí, ẹni tó kú ní ìlú rẹ̀ tó lọ ń gbé ní ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀, wọn kì í bi í níbi tó ti wá, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá bi í ló máa pòórá. Nítorí náà ni gbogbo òpópó ṣe pa ẹnu mọ́. Wọn ò fẹ́ kí Màmá pàdánù ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Obìnrin yẹn rò pé ọmọ òun wá mú òun lọ sí ọ̀run, ó palẹ̀ mọ́, ó sì tẹ̀lé mi. Mo wá rántí iṣẹ́ tí òpópó rán an sí àwọn òkú wọn, àti gbogbo ohun tí mo dá a lóhùn nínú mọ́tò. Mo sunkún níbẹ̀ títí nọ́ọ̀sì kan fi wá bá mi.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀. Dókítà ò sùn, ó ń yọ abẹ́rẹ́ kan, ó ń fi òmíràn sí i, ó sì ti àpò ara rẹ̀ ra oògùn tí ọsibítù ò ní. Màmá fi ọwọ́ lé àyà, ó ń retí ikú. Ìyàlẹ́nu ló ń jẹ́ fún un ní gbogbo àárọ̀ tó bá tún jí. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní Múlíkátù ni orúkọ mi, mo dárúkọ bàbá mi, mo dárúkọ ìyá mi, mo dárúkọ adúgbò wa. Mo pe ìyá mi ní Ṣakí lórí fóònù, àwọn méjèèjì sì kí ara wọn, wọ́n ṣàdúrà fún ara wọn, ọ̀kan ní orúkọ Jésù, ọ̀kan ní ti ànábì. Màmá dá fóònù padà fún mi. Ó ní, "Obìnrin náà dára. Mo dúpẹ́ pé ó ń tọ́jú rẹ." Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì pé wọ́n máa ń ní òbí tuntun níbi tí wọ́n bá lọ, wọn kì í sì í rántí ti àtijọ́.

Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi jà á níyàn? Kódà ó dé ibì kan tí mo ń wo ara mi nínú dígí ní Ọ̀bà-Ilé pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá mú àwòrán Fọlákẹ́ wá sí ọsibítù. Mo kọ̀, mi ò wò ó. Tọ́pẹ́ wò ó, ó dá a padà, kò sì tíì sọ ohun tó rí fún mi títí di òní.

Ìpadàbọ̀

A gbé Màmá padà sí Oǹdó. Mo rò pé wọ́n á jó, pé wọ́n á pariwo ayọ̀. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, gbogbo òpópó dákẹ́. Bàbá yẹn dìde, ó ṣí fìlà. Orúkọ ló fi ń pe Màmá Tíṣà láti kékeré rẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀." Ìyá Bísí kó adìyẹ rẹ̀ wá nínú agbọ̀n, ó gbé e sílẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ni dókítà sọ. Kò sí ẹni tó bi í pé ṣé ara ti le. Wọ́n ti dágbére fún un, ó ti lọ, ohun tó padà wá ni wọn ò mọ̀. Ara mi bù máṣọ, nítorí mo mọ ìwà yẹn, èmi ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń hù ú sí.

Ìlànà iṣẹ́ wa ni pé a ó tún gba ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù lẹ́ẹ̀kejì, ká lè mọ̀ bóyá iná inú iṣan ti ń rọlẹ̀. Nígbà tí a padà lọ fún ìyẹn, Màmá jókòó ní bàráńdà ní òun nìkan, ó ti rù hangogo. Oògùn tí Dókítà kó fún un wà nínú ọ̀rá, kò tú u. Mo pariwo mọ́ ọn. Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó ní kí ni òkú fẹ́ fi oògùn ṣe? Ó ní òun ti ń rò ó, bóyá òun kú sí Àkúrẹ́ lóòótọ́. Ó ní àwọn tó kú kì í mọ̀, èmi náà ò kúkú mọ̀.

Dókítà ti sọ fún wa pé bó bá dá oògùn yẹn dúró, òjò tó ń bọ̀ kò ní bá a. Inú bí mi, inú bí mi débi pé ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Inú yàrá, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ni a máa ń gba ẹ̀jẹ̀. Mo ní kí Tọ́pẹ́ gbé tábìlì wá sí bàráńdà, kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i bóyá òkú ń lẹ́jẹ̀ lára. Mo bọ́ sáàárín òpópó, mo ní kí gbogbo wọn jáde wá. Wọ́n jáde. Ta ló máa kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu níbẹ̀?

Tọ́pẹ́ so rọ́bà mọ́ apá Màmá, ó ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ yọ, ó pupa, ó ń gun ìgò lọ. Ìyá Bísí na ọrùn. Ó tẹ̀ síwájú, ó tún tẹ̀ síwájú, títí ó fi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí," ni Màmá wí.

Lójú ẹsẹ̀, ìbéèrè ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn. Kí ni wọ́n fún un jẹ lọ́hùn-ún? Ṣé wọ́n là á ni? Kí ló dé tó rù báyìí, ṣé kì í jẹun ni? Ẹnì kan ti ń bú ẹnì kejì pé ìwọ lo ní kí a má gbé oúnjẹ fún un. Mo ti ń kó ohun èlò wa jọ, ọkàn mi ti balẹ̀, nígbà tí Màmá gbé ọwọ́ sókè, tí gbogbo wọn sì dákẹ́. Èmi ló ń wò.

"Ó ku ìwọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ẹni tó ní kó bi mí. Ó lè fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa se ìrẹsì aláìláta dè mí títí a ó fi parí iṣẹ́. Mo jókòó, mo ká apá aṣọ mi sókè. Tọ́pẹ́ gún mi, kò sí nǹkan kan. Ó yí abẹ́rẹ́ díẹ̀, ìgò gbẹ. Mo gbọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń sún sẹ́yìn lórí ilẹ̀. Mo ń ka ohun tó wá sí mi lẹ́nu nínú Kùránì, mo sì ń ronú pé bí kò bá jáde ńkọ́? Tọ́pẹ́ yọ abẹ́rẹ́, ó wá ibòmíràn, ó tún gún mi.

Ẹ̀jẹ̀ jáde.

Màmá wò ó títí ìgò fi kún. Ó gbà á lọ́wọ́ Tọ́pẹ́, ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì mọ̀ ọ́n lára pé ó gbóná. Ó rọra gbé e sílẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní, "Fọlákẹ́ ti kú," ó wá ké. Irú igbe tí ìyá ń ké lọ́jọ́ tí wọ́n bá túfọ̀ ọmọ rẹ̀ fún un ni, wọ́n sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò ké e lọ́jọ́ ìsìnkú rárá. Àwọn obìnrin gun àtẹ̀gùn wá, wọ́n jókòó yí i ká lórí ilẹ̀, wọ́n dì í mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú ọ̀fọ̀ bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọmọ ọ̀hún kú. Mo jókòó síbi tí mo wà, mo fi òwú tẹ ojú abẹ́rẹ́ lápá mi. Kò sí ẹni tó tún wò mí mọ́.